Ẹgbọrọ abo màlúù tó gba ipò kìíní: ṣé ó lè di ìyá agbo?

Ìbéèrè: Houston, ní Texas, là ń gbé. Ọmọ wa wà nínú FFA, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, níléèwé rẹ̀, ó sì ń sin ẹgbọrọ abo màlúù Angus kan tó gba ipò kìíní níbi ìpàtẹ ẹran. A fẹ́ fi í bẹ̀rẹ̀ agbo tiwa. Ṣé ipò yẹn tó gbọ́kàn lé?

Ìdáhùn: Rárá, kò tó. Ohun tí ojú rí lọ́jọ́ náà ni adájọ́ ń dá: bó ṣe ń rìn, bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tẹ́, bí ìhà rẹ̀ ṣe yọ síta, bí gbogbo ara rẹ̀ ṣe bára mu. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ abo lóko yàtọ̀ sí èyí. Ó ní láti bímọ lọ́dọọdún láìjẹ́ pé èèyàn ń fa ọmọ jáde, kó fún un lọ́mú, kó sì tún tètè lóyún. Oyún màlúù máa ń tó ọjọ́ 283. Nínú ọjọ́ 365, ọjọ́ 82 péré ló kù fún un láti fi sinmi ìbímọ kó sì tún gba akọ. Ẹran tí kò bá lè bá ìṣirò yìí mu, gbèsè ló máa kó yín sí, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ìbéèrè: Kí la máa wá wò lára rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi omi fọ irun rẹ̀ dáadáa, torí àwọn tó ń múra ẹran fún ìpàtẹ máa ń fi gọ́ọ̀mù gbé irun ẹsẹ̀ dúró kí egungun lè dà bíi pé ó tóbi. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un rìn lórí ilẹ̀ líle. Ibi tí ẹsẹ̀ iwájú ti kúrò ló yẹ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá gún ṣánṣán bí òpó, kò ní pẹ́ kí oríkèé rẹ̀ tó máa dùn ún. Ẹ wo pátákò pẹ̀lú. American Angus Association máa ń fún pátákò ní máàkì láti 1 dé 9, 5 ló sì dára jù. Èyí tó lọ́ gba orí èkejì kì í jẹ́ kí ẹran pẹ́ nínú agbo.

Tí ẹ bá ti ṣe èyí tán, ẹ lọ wo ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n yan ohun kan ṣoṣo, òun ni màá yàn. Ọmú ò tí ì yọ lára ẹgbọrọ. Ti ìyá rẹ̀ ló máa jẹ́ ká mọ bí tirẹ̀ yóò ṣe rí. Ṣé ọmú náà ṣì lẹ̀ mọ́ ara dáadáa, àbí ó ti rọ̀ dé orúnkún? Ṣé orí ọmú ò tóbi débi tí ọmọ tuntun ò ní lè fi sẹ́nu? Ọmọ mélòó ló ti bí, ṣé ọdún kan wà tí kò bí? Ẹni tó tà á fún yín gbọ́dọ̀ lè dáhùn.

Ìbéèrè: Ó sanra, ara rẹ̀ ń dán. Àǹfààní kọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Níbi ìpàtẹ, àǹfààní ni. Lóko, ewu ni. Bí ẹgbọrọ bá ń jẹ oúnjẹ tó lágbára jù kó tó bàlágà, ọ̀rá máa ń gba àyè tó yẹ kí ibi tí wàrà ti ń wá gbà nínú ọmú, kò sì sí ohun tó lè dá a padà. Ọ̀rá inú ìbàdí sì máa ń há ọ̀nà ọmọ. Lórí ìwọ̀n 1 dé 9 tí wọ́n fi ń mọ bí ẹran ṣe sanra tó, 6 ló dára kí ẹgbọrọ wà nígbà tó bá fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀. Bí tiyín bá ti kọjá 7, ẹ dín ọkà rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó máa rìn nínú pápá. Ẹ má ṣe gba gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ lójijì, pàápàá nígbà tó bá ń gba akọ, torí ẹran tó ń rù kì í tètè lóyún.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn adájọ́ ti ṣi àwọn olóko lọ́nà rí ni?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dun àwọn olóko gan-an. Láàárín ọdún 1940 sí 1960, màlúù kúkurú, tó ki pọ́pọ́, ló ń wu àwọn adájọ́ ní Amẹ́ríkà. Àbùkù àjogúnbá kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn màlúù Hereford àti Angus kan nígbà náà. Ẹran tó bá gba àbùkù náà láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo máa ń ki díẹ̀ sí i, ìyẹn sì ni wọ́n ń fún ní ipò. Èyí tó bá gbà á láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì máa ń di aràrá tó ń mí pẹ̀lú ariwo, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í pẹ́ láyé. Ipò kìíní ló tan àbùkù yẹn ká. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n yí padà sí ẹran gíga, wọ́n sì tún lé e jù: nígbà tó fi máa di ọdún 1980 sí 1990, abo gíga tó ń jẹ koríko tó pọ̀ ju èyí tí pápá lè fún un lọ ti kún àwọn oko.

Irú àbùkù bẹ́ẹ̀ ò tán. Nínú Shorthorn àti Maine-Anjou, irú màlúù méjì tí àwọn oníìpàtẹ fẹ́ràn láti fi ṣe àdàlù, àbùkù méjì wà: TH, tí kì í jẹ́ kí egungun ẹsẹ̀ ọmọ pé, àti PHA, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dàgbà, tí omi sì máa ń mú ara rẹ̀ wú. Irun díẹ̀ láti ìrù tó fún àyẹ̀wò DNA. Kí ẹ tó mú akọ wá bá tiyín, ẹ ṣe àwọn àyẹ̀wò tó bá Angus mu.

Ìbéèrè: Bó bá jẹ́ ìbejì ńkọ́, tí èkejì jẹ́ akọ?

Ìdáhùn: Nínú 100 irú wọn, ó lé ní 90 tó máa yàgàn. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó náwó kankan lé e lórí.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ kó gba akọ?

Ìdáhùn: Ní oṣù 14 tàbí 15, bó bá ti wọ̀n tó ìdá 65 nínú 100 ìwọ̀n tí yóò jẹ́ nígbà tó bá dàgbà tán. Bí ìyá rẹ̀ bá wọn 600 kílò, tirẹ̀ á tó 390. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ ìpàtẹ máa ń sún un síwájú kí oyún má bàa ba ìrísí rẹ̀ jẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ ní kí dókítà ẹran wọn ọ̀nà ìbàdí rẹ̀, kó sì yẹ ilé ọmọ rẹ̀ wò. Ẹ yan akọ tí EPD rẹ̀, ìyẹn iye tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ṣe rí, fi hàn pé ọmọ rẹ̀ rọrùn láti bí. Bó bá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ akọ tó dáa, tí dókítà sì padà wá tó ní kò lóyún, ẹ tà á, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi owó rẹ̀ ra èyí tí ìyá rẹ̀ kò fo ọdún kankan rí.