Kí ló dé tí wọ́n fa òrùka àwọ̀n wálẹ̀ fún ọmọdé?

NBA, líìgì ńlá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Amẹ́ríkà, àti USA Basketball, àjọ tó ń bójú tó eré náà níbẹ̀, ti gbé ìlànà jáde fún bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn ọmọdé: òrùka wálẹ̀, bọ́ọ̀lù kéré, ọmọ kékeré kò sì gbọdọ̀ gbá zone, ìyẹn ọ̀nà ìdènà tí kálukú ti ń ṣọ́ apá ilẹ̀ kan. Nígbàkigbà tí líìgì ọmọdé kan bá ní òun yóò tẹ̀lé e, ariwo á sọ láàárín àwọn òbí.

Báwo ni òrùka ṣe wálẹ̀ tó?
Ẹsẹ̀ bàtà 8 fún ọmọ ọdún 7 sí 8, ẹsẹ̀ bàtà 9 fún ọmọ ọdún 9 sí 11. Láti ọdún 12, ó di 10 bíi ti àgbà.

Ṣé wọn ò máa kẹ́ wọn bà jẹ́ báyìí?
Ọmọ tí agbára rẹ̀ kò ká ẹsẹ̀ bàtà 10 á máa fi ìbàdí ju bọ́ọ̀lù, àṣà burúkú náà á sì mọ́ ọn lára. Ẹsẹ̀ bàtà 10 gan-an kò ti inú ìwádìí kankan wá. Nígbà tí James Naismith dá eré náà sílẹ̀ ní Springfield, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1891, ara ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè gbọ̀ngàn ló kan agbọ̀n mọ́, bí ibẹ̀ sì ṣe ga nìyẹn. Ọ̀dọ́kùnrin tó ti gbó ló sì ń kọ́.

Kí ni zone ṣe wọ́n?
Nínú zone, ilẹ̀ ni ẹni tó ń dènà ń ṣọ́, kò mú ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún 9 kì í sábà lè jù ú wọlé láti òkèèrè. Nítorí náà, bí àwọn márùn-ún bá ti ṣù jọ sábẹ́ òrùka, ó parí. Wọ́n á borí, akọ́nimọ̀ọ́gbá á gba ife, àmọ́ ta ló kọ́ nǹkan níbẹ̀? Bí kálukú bá mú ẹni tirẹ̀, ọmọ ní láti máa wo ẹni tó mú, kó sì mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Wọ́n gba ara ẹnìkejì rẹ̀ kọjá: ṣé kó sáré lọ ràn án lọ́wọ́? Bó bá lọ, ta ni yóò mú ẹni tó fi sílẹ̀? Ìpinnu wàràwàrà yìí là ń pè ní òye eré. Zone kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Ẹni tó ti mọ èyí ló máa ń gbá a dáadáa.

Dírìbù (títa bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bí a ṣe ń lọ) láàárín kóònù tí wọ́n tò sílẹ̀ ńkọ́?
Ó dára fún ọwọ́, fídíò rẹ̀ sì dùn wò. Ṣùgbọ́n kóònù kì í já bọ́ọ̀lù gbà. Mẹ́ta sí mẹ́ta ló sàn jù: kò síbi sísápamọ́ sí, bọ́ọ̀lù sì ń kan kálukú léraléra.

Ṣé kí ọmọ mi pa eré ìdárayá yòókù tì?
Rárá. Ìlànà náà ní ó di ọmọ ọdún 14, ó kéré tán, kí ọmọ tó gbájú mọ́ eré kan ṣoṣo.

Báwo ni mo ṣe máa mọ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dáa?
Tẹ́tí nígbà tí ọmọ bá ṣàṣìṣe. Ẹni tó bi í pé “Kí lo rí níbẹ̀?” ń kọ́ ọ. Ẹni tó ń pariwo “Páàsì! Páàsì!” láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbá bọ́ọ̀lù.

Kí ló yẹ kó bà mí lẹ́rù?
Ìdíje òpin ọ̀sẹ̀ tí ọmọ ti ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin lóòjọ́. Ẹyọ kan ni ìlànà náà fàyè gbà lójúmọ́ fún ọmọ ọdún 7 sí 8. Fún àwọn tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, méjì ni. Bí ọmọ bá sì ń sọ pé abẹ́ orúnkún ń dun òun, ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi, bí kò bá lọ, ẹ mú un lọ rí dókítà.