Fídíò ló ń di fọ́tò: bí wọ́n ṣe ń fi tẹlisikóòpù kékeré ya òṣùpá àti Júpítà nílẹ̀ Òkun

Tí òṣùpá bá yọ lẹ́yìn àpáta ní Kàbà, nílẹ̀ àwọn Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, tó rí roboto, kíá ni fóònù máa ń jáde lápò, àmọ́ ohun tó ń wọnú ẹ̀ kì í ju nǹkan funfun kan tó dà bíi gílóòbù lọ. Fóònù yẹn ò burú o. Òkúta tí oòrùn ń tàn sí ni òṣùpá, ọ̀sán gangan ni níbẹ̀, fóònù wá rí òkùnkùn tó yí i ká ó ṣebí alẹ́ ni gbogbo ẹ̀, ló bá gba ìmọ́lẹ̀ jù, ojú òṣùpá á sì funfun báláú. Ẹ fìka tẹ òṣùpá lójú fóònù, kẹ́ ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ wálẹ̀ títí àwọn ibi dúdú ojú ẹ̀ á fi hàn.

Ọjọ́ tó bá kún rẹ́rẹ́ kọ́ ló sì dáa jù láti yà á. Iwájú gan-an ni oòrùn ti ń tàn sí i lọ́jọ́ yẹn, òjìji ò sí, gbogbo ẹ̀ á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Nǹkan bí ọjọ́ keje tí oṣù bá lé, tó bá dé ìdajì, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òkùnkùn ni kẹ́ ẹ wò, òjìji òkè àti kòtò máa ń gùn níbẹ̀ bí òjìji igi ṣe ń gùn láàárọ̀. Fún èyí, tẹlisikóòpù tí dígí ẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 4 àbọ̀ àti fóònù tí wọ́n dè mọ́ ibi tí ojú ń gbà wò ó ti tó.

Pílánẹ́ẹ̀tì ló wá le. Júpítà tóbi ju gbogbo wọn lọ, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá tò ó láti etí òṣùpá kan dé èkejì bá a ṣe ń rí wọn láti ilé ayé, bí 40 ló máa gbà. Nǹkan tó kéré tó báyẹn, afẹ́fẹ́ ló ń bà á jẹ́. Ẹ rántí bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń gbọ̀n lórí títì ọlọ́dà lọ́sàn-án ẹ̀rùn, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lókè lálẹ́, Júpítà á máa gbọ̀n bí ẹni wà lábẹ́ omi, tó bá ṣe díẹ̀ afẹ́fẹ́ á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlà méjì tó wà níkùn ẹ̀ á hàn kedere, kí ó tún tó dàrú.

Torí ẹ̀ ni ò fi sẹ́ni tó ń ya fọ́tò kan ṣoṣo. Fídíò ni wọ́n ń gbà. Fídíò ìṣẹ́jú 2, tí fóònù bá ń ya 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, fọ́tò 3,600 ló wà nínú ẹ̀. Ẹ má gbà á pẹ́ jù, Júpítà ò lò tó wákàtí 10 kó tó yí ara ẹ̀ po, ojú ẹ̀ á ti kúrò níbi tó wà. Tí tẹlisikóòpù ò bá ní mọ́tò tó ń tẹ̀ lé e, Júpítà á rìn kọjá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kò burú, ẹ dá a padà kẹ́ ẹ máa gbà á lọ.

Lórí láptọ́ọ̀pù, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ PIPP á gbé Júpítà sí àárín fọ́tò kọ̀ọ̀kan, òmíràn tó ń jẹ́ AutoStakkert á yẹ̀ wọ́n wò, á mú bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó mọ́ jù, á tò wọ́n lé ara wọn lórí, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ dà bí ẹlẹ́rìí ọgọ́rùn-ún tẹ́ ẹ bi ní ọ̀rọ̀ kan, irọ́ kálukú á yàtọ̀, àmọ́ òótọ́ kan náà ni wọ́n á jọ máa sọ. Ìyọnu inú fọ́tò kọ̀ọ̀kan bọ́ síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń pa ara ẹ̀ rẹ́, Júpítà gan-an ò kúrò lójú kan, ó ń lágbára sí i.

Àǹfààní ńlá ló sì wà fún àwa tá a wà ní Kàbà, Mọpà, Ìsánlú. Nǹkan bíi digíríì 8 péré la fi jìnnà sí agbedeméjì ayé, torí ẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì ń gba òkè orí wa kọjá, nígbà tó jẹ́ pé ní London ìgbà míì ò ní ga ju digíríì 15 lọ, wọ́n á wá máa wò ó látinú afẹ́fẹ́ tó nípọn gan-an. Iná NEPA ò sì dí wa lọ́wọ́, pílánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ jùyẹn lọ. Páànù àti kọnkéré ló yẹ ká sá fún, wọ́n ń tu ooru ọ̀sán jáde títí alẹ́ fi lẹ́, orí koríko ni kẹ́ ẹ gbé tẹlisikóòpù sí, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù bí ìdajì wákàtí. Nígbà ọyẹ́ eruku á mú kí ìmọ́lẹ̀ dín kù, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi aṣọ nu dígí, á ha.

Àgùàlà, ìyẹn pílánẹ́ẹ̀tì Venus, tí wọ́n ń pè lájá òṣùpá ńkọ́? Ó rọrùn, ìgbà míì ó máa ń rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àmọ́ ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ̀ tán kẹ́ ẹ tó gbé tẹlisikóòpù síbẹ̀, torí ẹni tó bá fi wo oòrùn lẹ́ẹ̀kan lè fọ́jú.

Iṣẹ́ tó kù ni kí wọ́n mú fọ́tò náà mú sí i, ètò kọ̀ǹpútà míì tó ń jẹ́ RegiStax ń ṣe ìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́, wọ́n á fà á títí ìlà tí ò sí lójú Júpítà á fi jáde. Ẹ gba fídíò kejì lẹ́yìn ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ ṣe é bákan náà. Àmì tó bá jẹ́ ti Júpítà á ti sún díẹ̀ pẹ̀lú yíyí ẹ̀, èyí tí kọ̀ǹpútà dá sílẹ̀ ò ní sún bẹ́ẹ̀.