Bí àwo jáàsì àtijọ́ ṣe ń di tuntun

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwo jáàsì tí wọ́n tún tẹ̀ jáde dára, kó kọ́kọ́ béèrè téèpù tí wọ́n fi ṣe é. Páálí tó ń dán kò lè sọ ìyẹn. Orí téèpù ni wọ́n ti gba ohùn àwọn olórin láàárín 1950 sí 1970, téèpù àkọ́kọ́ yẹn sì ni orísun. Bí wọ́n bá dà á kọ sórí òmíràn, híhó á wọ inú rẹ̀, ohùn aro á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Bí wọ́n bá tún da ẹ̀dà yẹn kọ, ó máa burú sí i.

Ọ̀rọ̀ téèpù yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, ọdún 1959, nígbà tí Miles Davis, afọnkàkàkí jáàsì ará Amẹ́ríkà, ń ṣe àwo rẹ̀ Kind of Blue, ẹ̀rọ tó gba ohùn náà ń yí lọ́ra díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé téèpù rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tó ń yí bó ṣe yẹ, orin mẹ́ta àkọ́kọ́ yára, ohùn wọn sì ga ju bí wọ́n ṣe fọn ọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀ ni aráyé ṣe gbọ́ ọ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ní 1992 ni wọ́n lọ gbé téèpù kejì, èyí tí ẹ̀rọ mìíràn gbà lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n sì fi tún un ṣe. Ẹni tó gbà pé àwo àkọ́kọ́ ló máa ń dára jù, kó ro èyí wò.

Lẹ́yìn téèpù ló kan gbígbẹ́, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà gidi sì ni. Wọ́n á fi ọ̀dà rírọ̀ kun àwo alumíníọ̀mù, abẹ́rẹ́ gbígbóná á wá máa gbẹ́ ipa kan ṣoṣo yípo láti etí wá sí àárín. Ohùn ìsàlẹ̀ máa ń mú kí ipa náà fẹ̀, nítorí náà, láti 1954, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ń lo ìlànà RIAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin níbẹ̀: wọ́n á dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n á gbé ohùn òkè ga, ẹ̀rọ tó ń lu àwo á sì dá a padà sí bó ṣe wà.

Àyè ló ń dá ẹni tó ń gbẹ́ àwo láàmú. Àwo ń yí ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan. Ní etí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 ipa ló ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítòsí lébẹ̀lì, ìyẹn bébà tó wà láàárín àwo, kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 21 lọ, ohùn òkè sì máa ń há níbẹ̀. Orin fíìmù ló ń jìyà èyí jù, torí pé ó kún fún orin kéékèèké, òmíràn jẹ́jẹ́ débi pé eruku lásán lè borí rẹ̀, òmíràn á bú jáde lójijì. Tí orin ojú àwo kan bá ti kọjá bíi ogún ìṣẹ́jú, àfi kí wọ́n dín ohùn rẹ̀ kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín ọ̀pọ̀ àtúntẹ̀ orin fíìmù sórí àwo méjì, mo sì fara mọ́ ọn.

Títẹ̀ kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fọ́n fàdákà sí ojú àwo tí wọ́n gbẹ́, wọ́n á fi níkẹ́ẹ̀lì bò ó, títí wọ́n fi máa rí òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ méjì á fún ike yíyọ́ àti lébẹ̀lì pọ̀ nínú ooru, omi tútù á mú un le, ó parí láàárín ìṣẹ́jú kan. Òǹtẹ̀ máa ń gbó lẹ́yìn nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan àwo. Ní ti àwo tó wúwo tó gíráàmù 180 tí wọ́n ń polówó, ìwúwo kò fi nǹkan kan kún ohun tí wọ́n gbẹ́ sínú ipa.

Ibi tí a ti lè rí ẹni tó gbẹ́ ẹ ni àyè tó mọ́ láàárín ipa tó kẹ́yìn àti lébẹ̀lì. Rudy Van Gelder, tó gba ohùn ọ̀pọ̀ àwo ilé iṣẹ́ jáàsì Blue Note ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, máa ń fi RVG tàbí VAN GELDER síbẹ̀. Nínú ọ̀wọ́ Tone Poet tí Blue Note bẹ̀rẹ̀ ní 2019, Kevin Gray ló ń gbẹ́ àwo láti inú téèpù àkọ́kọ́, KPG sì ni àmì tirẹ̀. Ẹ gbé àwo náà sí abẹ́ iná, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ ó rí i.