Motherboard wo ló ṣeé fọkàn tán?

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní LAUTECH, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà. Ó ti rówó kó jọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ motherboard, ìyẹn bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́, dà á lọ́kàn rú, torí pé ẹnu àwọn tó ń tajà fún un kò kò. Iṣẹ́ tó ń bọ́ mi ni títo kọ̀ǹpútà àti títún un ṣe. Mo wá kọ ìbéèrè rẹ̀ àti ìdáhùn mi sílẹ̀, torí pé òun nìkan kọ́ ló ń béèrè.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, nínú ASUS, Gigabyte, MSI àti ASRock, èwo ni kò lè já mi kulẹ̀?

Kò sí èyí tí kò lè já ọ kulẹ̀ nínú wọn. Taiwan ni gbogbo wọn ti wá. Ọdún 1986 ni wọ́n dá Gigabyte àti MSI sílẹ̀, ASUS dé lọ́dún 1989, ara ASUS yìí náà ni ASRock sì ti jáde lọ́dún 2002. Gbogbo wọn ló ń ṣe bọ́ọ̀dù tó dára gan-an, gbogbo wọn náà ló sì ń ṣe olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ti yọ oríṣiríṣi nǹkan kúrò lára rẹ̀ kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ sára méjèèjì. Tí o bá sọ fún mi pé ASUS lo rà, o ò tíì sọ nǹkan kan. ASUS wo?

Èyí tó wọ́n náà ń ní àléébù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ASUS fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kàpásítọ̀ kan, ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná, ti wà ní ìdojúdé lórí àwọn ROG Maximus Z690 Hero kan, bọ́ọ̀dù olówó ńlá nígbà náà. Àwọn kan nínú rẹ̀ jó. Nígbà tó di ọdún 2022, wọ́n ní kí àwọn tó rà á ní Amẹ́ríkà dá a padà, nǹkan bí 10,000 bọ́ọ̀dù. Lọ́dún 2023, àwọn processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kan tí wọ́n ń pè ní Ryzen 7000 jó mọ́ inú bọ́ọ̀dù, torí pé BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà, ń tú fóltéèjì tó pọ̀ jù sí wọn lára, AMD tó ṣe processor náà sì ní kí àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù má ṣe jẹ́ kí fóltéèjì SoC, ti apá kan nínú processor, kọjá 1.3 mọ́. Ọdún yẹn náà ni àwọn onímọ̀ ààbò rí i pé BIOS ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù Gigabyte ń fa ètò wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́nà tí kò láàbò.

Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́rin yìí ni mo ṣì ń rà. Nígbà tí àṣìṣe inú BIOS yẹn hàn, BIOS tuntun jáde. Lórí ìkànnì wọn, bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, o lè rí processor tó gbà níbẹ̀, o sì lè fa àtúnṣe wálẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní ìfọkàntán nìyẹn: kí ẹnì kan ṣì máa dáhùn fún ọjà lẹ́yìn tí wọ́n ti gbowó rẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n ra motherboard Intel, pé òun ló lágbára jù. Ṣé irọ́ ló ń pa?

Ó lè má purọ́ o, àmọ́ ohun tó mọ̀ ti pẹ́. Intel, tó ń ṣe processor bíi ti AMD, ṣe motherboard rí lóòótọ́, ó sì dára. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013 ni wọ́n kéde pé àwọn ń fi iṣẹ́ bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà orí tábìlì sílẹ̀. Tí o bá wá rí páálí tuntun lónìí tí wọ́n kọ "Intel H61" gàdàgbà sí, orúkọ chipset nìyẹn, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń so processor pọ̀ mọ́ àwọn nǹkan yòókù. Orúkọ ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù kọ́.

Fara balẹ̀ síbí yìí, torí ibẹ̀ ni owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá lọ. Ọdún 2011 ni H61 jáde. Ọ̀pọ̀ irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ tó ń ti Ṣáínà wọlé, ara bọ́ọ̀dù àtijọ́ ni wọ́n ti tú chipset rẹ̀, wọ́n wá jó o mọ́ pátákó tuntun. Ọ̀rá rẹ̀ tuntun, páálí rẹ̀ tuntun, ọkàn rẹ̀ ti gbó. Fún ẹni tó fẹ́ máa tẹ ìwé ìkésíni ní ṣọ́ọ̀bù, ó lè ṣiṣẹ́. Fún ìwọ tó fẹ́ máa ya ilé kí kọ̀ǹpútà sì máa ṣe rendering, ìyẹn sísọ àwòrán di bíi fọ́tò, mọ́jú, mi ò ní fọwọ́ sí i láé. Lọ́jọ́ tó bá ṣe ségesège, kò sí ojú ewé tí o máa ṣí.

Tí orúkọ kò bá tó, kí ni kí n wá wò lára bọ́ọ̀dù gan-an?

Wo àyíká ibi tí processor máa jókòó sí. Apá tó ń ṣètò iná fún un wà níbẹ̀, VRM ni wọ́n ń pè é. Fóltì 12 ni power supply, àpótí tó ń gba iná ògiri wọlé, ń gbé wá, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi fóltì kan lé díẹ̀ ni processor ń lò. VRM ló ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: tí processor bá ń jẹ 120 wáàtì ní fóltì 1.2, ampere 100 ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Iná ńlá ni, ooru rẹ̀ kò sì kéré.

Phase ni wọ́n ń pe àwọn tó ń pín iṣẹ́ yìí ṣe. Bíi ti àwọn alábàárù ní ọjà Takie ni: ẹrù tó yẹ kí mẹ́jọ pín gbé, mẹ́rin lè gbé e dé ibi tó ń lọ, àmọ́ wọn ò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kí ọrùn má dùn wọ́n. Lórí bọ́ọ̀dù tó dára, wàá rí irin tó nípọn tí wọ́n dè mọ́ VRM lórí kó máa fa ooru kúrò. Olówó pọ́ọ́kú kì í ní in. Gbé ASUS Prime A320M-K sí ẹ̀gbẹ́ ASUS TUF Gaming B550M-Plus: ti àkọ́kọ́ wà níhòòhò, irin wà lórí ti ìkejì. Ààyè RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) méjì ló wà lára ti àkọ́kọ́, mẹ́rin ló wà lára ìkejì. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n.

Ní ìlú tí ojú ọjọ́ tutù, ẹni tó ra èyí tó wà níhòòhò lè má mọ̀ ọ́n lára. Tiwa yàtọ̀. Ní oṣù Kejì sí Ìkẹta, lábẹ́ páànù, tí iná ti lọ tí fáànù yàrá kò yí, tí inverter ló sì gbé kọ̀ǹpútà dúró, ooru yàrá fúnra rẹ̀ ti mú bọ́ọ̀dù gbóná kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. VRM á gbóná kọjá ààlà, processor á dín eré rẹ̀ kù kó má bàa jó, rendering wákàtí méjì á di mẹ́rin. Wàá rò pé processor ni kò dára.

Processor àti bọ́ọ̀dù wo ló bára mu?

Èyí kò le. AM4, AM5 àti LGA1700 ni orúkọ ibi tí processor ń jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù. AMD tó ń lo AM4 kò lè jókòó sínú AM5, Intel ìran 12 dé 14 sì ń lo LGA1700. AM4 ń gba RAM DDR4, AM5 ń gba DDR5. LGA1700 lè jẹ́ èyíkéyìí, bọ́ọ̀dù ló ń pinnu rẹ̀, nítorí náà ka ara páálí dáadáa. Fún iṣẹ́ tìẹ, bọ́ọ̀dù onílẹ́tà B ni kí o wá: B550 fún AM4, B660 tàbí B760 fún Intel. Z ti Intel wà fún ẹni tó fẹ́ fi ipá mú processor sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, X ti AMD sì wà fún ẹni tó ń fẹ́ ihò púpọ̀ sí i, má fowó rẹ ṣòfò síbẹ̀.

Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀ o. Bọ́ọ̀dù B450 jáde lọ́dún 2018, Ryzen 5000 dé lọ́dún 2020. Tí B450 bá ti wà nínú páálí láti ìgbà náà, kò ní dá processor yẹn mọ̀, ojú kọ̀ǹpútà á kàn dúdú. Kò bàjẹ́. BIOS rẹ̀ ló pẹ́. Béèrè bóyá bọ́ọ̀dù náà ní bọ́tìnnì tí èèyàn fi ń fi fláàṣì tún BIOS ṣe láìsí processor lórí rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?

Mi ò kórìíra rẹ̀. Tòkunbọ̀ B550 tó mọ́ sàn ju H61 "tuntun" lọ. Lára Intel àti AM5, inú bọ́ọ̀dù ni àwọn pin wẹ́wẹ́ wà. Tan iná fóònù sí i, wò ó láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo orí pin gbọ́dọ̀ tò bákan náà. Tí ọ̀kan bá tẹ̀, fi sílẹ̀. Lára AM4, processor ló ní pin, òun ni kí o yẹ̀ wò. Wo kàpásítọ̀ pẹ̀lú, èyí tí orí rẹ̀ bá wú ti ń kú lọ. Kí wọ́n tan án níṣojú rẹ.

Ẹ̀rù iná wa yìí ń bà mí jù.

Ó yẹ kó bà ọ́. Kò sí orúkọ kankan tó lè gba bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ iná tó ṣàdédé ga. Power supply gidi ni kí o kọ́kọ́ rà, má fi owó rẹ̀ ra bọ́ọ̀dù ńlá. Èyí tó fúyẹ́ bíi páálí òfìfo tí wọ́n kọ 500 wáàtì sí, ayédèrú ni. Stabilizer ń tún fóltéèjì tó ga tàbí tó lọ sílẹ̀ ṣe, àmọ́ kò lè ṣe nǹkan kan nígbà tí iná bá lọ lójijì. UPS tàbí inverter ló ń ṣe ìyẹn. Rí i pé waya earth ilé yín dé ilẹ̀ lóòótọ́. Tí òjò bá ṣú tí àrá ń sán, yọ ọ́ kúrò lára ògiri, títì í pa nìkan kò tó.

Má sì ṣe tún BIOS ṣe lórí iná ìjọba láìsí UPS tàbí inverter. Bí iná bá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, bọ́ọ̀dù lè má tàn mọ́.

Tí mo bá ti rà á tán ńkọ́?

Gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ bọ́ọ̀dù náà sí ní kíkún, kí ẹ sì jọ sọ iye ọjọ́ tí o lè fi dá a padà. Lásìkò ọyẹ́, fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà kí o tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, torí iná ara èèyàn lè bà á jẹ́. Láàárín iye ọjọ́ tí ẹ jọ sọ yẹn, má kẹ́ ẹ. Fi RAM sí gbogbo ààyè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ki nǹkan bọ gbogbo ihò USB, jẹ́ kí MemTest86, ètò tó ń yẹ RAM wò, ṣiṣẹ́ mọ́jú, lẹ́yìn náà kí o ṣe rendering tó gùn jù tí o ní. Bó bá kú, kó kú nígbà tó ṣì jẹ́ ti ẹni tó tà á.