Àsìkò yàtọ̀ sí ibá-ìṣẹ̀lẹ̀: ohun tó ń da Gẹ̀ẹ́sì rú mọ́ ará Ṣáínà lójú

Bí ará Ṣáínà tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá ní "Yesterday I am very busy", wọ́n á ní kò gbọ́ gírámà. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí ọ̀rọ̀ ná. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Mandarin, èdè Ṣáínà, ni "Zuótiān wǒ hěn máng". Zuótiān ni àná, máng sì ni kí ọwọ́ èèyàn dí. Wọ́n ti dárúkọ àná, ó parí, kò sóhun tó tún kù láti yí padà. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀. Àfi kí ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ tún jẹ́rìí sí àná: was.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè yẹn ló ń jẹ́ àsìkò: ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ ò bá ọjọ́ lọ. Ibi tí nǹkan dé ló fẹ́ mọ̀: ṣé ó ti parí, ṣé ó ń lọ lọ́wọ́, ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí? Òun ni Mandarin ń lò, kò sì ṣàjèjì sí wa rárá. "Wǒ zài chīfàn" ni "mo ń jẹun". "Wǒ qùguo Běijīng" ni "mo ti lọ sí Beijing rí". Guo yẹn sún mọ́ "rí" tiwa gan-an ni.

Èyí tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà jù ni le, ọ̀rọ̀ kékeré Mandarin tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe. "Wǒ mǎile yì běn shū", mo ra ìwé kan. Wọ́n á wá rò pé le ni -ed tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi sí ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe fún ohun tó ti kọjá. Àmọ́ ẹ wo "Míngtiān wǒ chīle fàn jiù qù": lọ́la, tí mo bá ti jẹun, màá lọ. Le wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ. Pé jíjẹ á parí kí lílọ tó bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ, bí "ti" wa náà ṣe ń ṣe. Kí ọwọ́ èèyàn dí kì í ṣe iṣẹ́ tó ń parí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí le nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń dúró de le kó tó rántí àná Gẹ̀ẹ́sì, am ló máa kọ.

Ti ẹnu tún wà níbẹ̀. Sílébù Mandarin kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, àfi n, ng àti r. Kt tó parí worked nira fún wọn láti gbọ́, ká má tíì sọ pípè é, nítorí náà ẹni tó mọ òfin náà dáadáa lórí ìwé ṣì lè gbé e mì tó bá ń sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, kó yéé ní kí wọ́n wá -ed fún le. Kó kọ́ wọn láti kọ́kọ́ bi ara wọn pé "ìgbà wo?" lórí gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe, kódà nígbà tí àná ti wà níwájú gbólóhùn.