Ìjàpá, Tòkunbọ̀ àti Jálópì: Àlàyé Orúkọ Àtijọ́ fún Mọ́tò Olówó Pọ́ọ́kú

Ìjàpá ni àwọn Yorùbá sọ mọ́tò Volkswagen Beetle, nítorí pé òrùlé rẹ̀ tẹ̀ kodoro bí igbá ẹ̀yìn ahun. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, tí olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba sì lè ní mọ́tò tiwọn. Ó bá ilẹ̀ olókè bíi Èkìtì mu gan-an: ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ó sì tẹ àwọn táyà tí ń ti mọ́tò náà lọ mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń di ilẹ̀ mú nínú ẹrẹ̀ àti ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára, kò lo rédíétọ̀, nítorí náà ẹni tí ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kò ní láti máa bẹ̀rù pé omi yóò hó.

Tòkunbọ̀ kì í ṣe orúkọ mọ́tò látilẹ̀wá. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí a wá gbé wálé, ni a ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀ ní ọdún 1986, náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun sì kọjá agbára ẹni tí ń gba owó oṣù. Mọ́tò tí àwọn ará Yúróòpù ti lò wá di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, púpọ̀ nínú wọn sì gba èbúté Kùtọnu wọlé. Gbogbo tòkunbọ̀ ni àlòkù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àlòkù ni tòkunbọ̀. Mọ́tò tí ẹnì kan ti lò ní Ìkéré kí ó tó gbé e tà kì í ṣe tòkunbọ̀ mọ́, ẹni tí ó bá sì fi orúkọ yẹn tà á ń rẹ́ oníbàárà jẹ ni.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà jálópì ti wá, láti nǹkan bí ọdún 1920 sí 1929, àwọn oníwèé ìròyìn wa sì gbà á lò fún ọkọ̀ tí ó ti gbó kọjá ààlà. Kò yẹ kí a kà á kún ọ̀kan náà pẹ̀lú Tin Lizzie, ìnagijẹ tí àwọn ará ibẹ̀ fún Ford Model T. Nígbà tí mọ́tò yẹn jáde ní ọdún 1908, 850 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Nígbà tí yóò fi di 1925, iye rẹ̀ kò tó 300 dọ́là mọ́, wọ́n sì ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1927. Orúkọ ìfẹ́ ni Tin Lizzie, gẹ́gẹ́ bí Ìjàpá ti jẹ́ fún wa. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá kí a máa pe Ìjàpá tí olówó rẹ̀ ń tọ́jú ní jálópì, nítorí Ìjàpá ń sọ bí mọ́tò ṣe rí, jálópì sì ń sọ bí a ṣe pa á tì.