Ṣé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń mì lè fi gbogbo ọkàn gba Ọlọ́run gbọ́?

Ìwé Òwe 3:5 sọ pé kí á fi gbogbo àyà wa gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa. Ọ̀pọ̀ Kristẹni ló ń ka ẹsẹ yìí tí ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń lọ sí ìjọ, síbẹ̀ ìbéèrè kan wà nínú wọn tí wọn ò lè sọ síta. Èmi náà ti wà bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ohun tí mò ń dáhùn níbí ni àwọn èèyàn máa ń rọra bi mí lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí wọ́n bá rí i pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Ìbéèrè: Mo gba Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ nígbà gbogbo. Ṣé irọ́ ni mò ń pa fún Ọlọ́run ni?

Rárá o. Ẹ jẹ́ ká lọ wo baba kan nínú Máàkù orí 9. Ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń yí gbirigbiri, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣubú sínú iná, ó ti ṣubú sínú omi. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù ti gbìyànjú, wọn ò rí i ṣe. Nígbà tí baba yìí máa sọ̀rọ̀, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Bí ìwọ bá lè ṣe ohunkóhun.” Ẹ gbọ́ “bí” yẹn! Jésù sọ fún un pé ohun gbogbo ni ṣíṣe fún ẹni tó bá gbàgbọ́, ni baba bá ké pẹ̀lú omijé pé, “Olúwa, mo gbàgbọ́; ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́.”

Jésù ò ní kó lọ wá ìgbàgbọ́ tó pé wá kó tó padà. Ó wo ọmọ náà sàn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé baba yìí ò fi àìgbàgbọ́ rẹ̀ pa mọ́, kò sì gbé e lọ síbòmíràn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ gbà gbọ́ gan-an ló gbé e lọ.

Ìbéèrè: Jákọ́bù ṣáà sọ pé kí oníyèméjì má rò pé òun máa rí ohunkóhun gbà lọ́wọ́ Olúwa. Èwo ni ká mú?

Ìbéèrè yìí ló le jù, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ “iyèméjì” ló ń dẹ́rù bani. Lóde òní, bí ẹnì kan bá bi ìbéèrè lásán, a máa ń sọ pé ó ń ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: iyè, méjì. Ẹni tó ní iyè méjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Jákọ́bù lò ní orí 1 ẹsẹ 8 ṣe rí, dipsychos, ọlọ́kàn méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú Májẹ̀mú Tuntun, inú lẹ́tà Jákọ́bù sì ni méjèèjì wà. Èkejì wà ní orí 4 ẹsẹ 8, níbi tó ti ń bá àwọn tó fẹ́ bá ayé ṣọ̀rẹ́ kí wọ́n sì tún jẹ́ ti Ọlọ́run wí.

Nítorí náà, ẹni tí Jákọ́bù ń bá wí ni ẹni tó ń gbàdúrà lápá kan, tó sì ti tọ́jú ọ̀nà mìíràn sápá kejì bí Ọlọ́run ò bá ṣe é bó ṣe fẹ́. Òun náà ni Èlíjà ń bá wí lórí òkè Kámẹ́lì nígbà tó bi àwọn èèyàn pé títí dìgbà wo ni wọ́n máa wà láàárín Olúwa àti Báálì. Baba inú Máàkù ò ní ibòmíràn tó ń lọ. Ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni.

Ìbéèrè: Kí wá ni “gbogbo àyà”?

Nínú èdè Hébérù tí wọ́n fi kọ ìwé Òwe, àyà tàbí ọkàn kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń mọ̀ ọ́n lára nìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà pé èèyàn ti ń ronú, tó ti ń pinnu. Fífi gbogbo àyà gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kò wá túmọ̀ sí pé kí ara èèyàn máa yá gágá ní gbogbo àárọ̀. Ó túmọ̀ sí pé kò sí apá kan nínú ayé ẹni tí a yọ sílẹ̀ fún ara wa, ì báà jẹ́ owó, ì báà jẹ́ ohun tá à ń ṣe nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò wá.

Èdè wa náà ràn wá lọ́wọ́ níbí. “Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run wà” yàtọ̀ sí “mo gba Ọlọ́run gbọ́.” Jákọ́bù 2:19 sọ pé àwọn ẹ̀mí èṣù pàápàá gbàgbọ́ pé Ọlọ́run kan ni ń bẹ, wọ́n sì ń wárìrì. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé “mo gba Ọlọ́run gbọ́,” àárín ọ̀rọ̀ náà gan-an ni Ọlọ́run jókòó sí. Mo fẹ́ràn èyí gan-an.

Ìbéèrè: Tí mo bá gbàdúrà tí kò gbà, ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí kún ìrora yín. Ìyá mi kò dìde nínú àìsàn rẹ̀. Ẹnì kan sì wá sọ fún wa lọ́jọ́ ìsìnkú pé ká ní a gbàgbọ́ dáadáa ni. Ó ju ọdún kan lọ kí n tó lè gbàdúrà láìrántí ohùn ẹni yẹn.

Hébérù orí 11 ló tú mi sílẹ̀. Ní ẹsẹ 34, nípa ìgbàgbọ́, àwọn kan bọ́ lọ́wọ́ ojú idà. Ní ẹsẹ 37, a fi idà pa àwọn mìíràn. Idà kan náà, ìgbàgbọ́ kan náà, orí kan náà, a sì yin gbogbo wọn. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nígbà mẹ́ta nípa ẹ̀gún inú ara rẹ̀. Oore-ọ̀fẹ́ ló gbà, ẹ̀gún náà ò kúrò. Ó fi Tírófímù, ẹni tí wọ́n jọ ń rìnrìn àjò, sílẹ̀ ní ìlú Mílétù nínú àìsàn. Ó ní kí Tìmótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀, kò sì sọ pé ìgbàgbọ́ ọmọ náà kéré. Lílo oògùn ò sọni di aláìgbàgbọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta inú Dáníẹ́lì 3 sọ fún ọba pé Ọlọ́run àwọn lè gbà àwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kún un pé, bí kò bá tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àwọn ò ní forí balẹ̀ fún ère rẹ̀. Wọn ò tíì mọ bó ṣe máa parí nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Ìbéèrè: Ṣé iṣẹ́ rere wá ṣe pàtàkì?

Bẹ́ẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí èso. Éfésù 2:8 sọ pé oore-ọ̀fẹ́ ló gbà wá là nípa ìgbàgbọ́. Ẹsẹ 10 sọ pé fún iṣẹ́ rere la ṣe dá wa.

Ìbéèrè: Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò lè gbàdúrà mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ́kísódù orí 17 ni mo máa ń kà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí Mósè bá gbé ọwọ́ sókè, Ísírẹ́lì a borí Ámálékì. Bí ọwọ́ bá sọ̀ kalẹ̀, Ámálékì a borí. Ọwọ́ rẹ̀ sì wúwo. Wọ́n gbé òkúta wá, ó jókòó lé e, Áárónì di ọwọ́ kan mú, Húrì di ìkejì mú, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró ṣinṣin títí oòrùn fi wọ̀. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n lò fún “dúró ṣinṣin” níbẹ̀ ni emunah. Òun náà ló wà nínú Hábákúkù 2:4, tí a túmọ̀ sí ìgbàgbọ́: olódodo yóò yè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ọwọ́ Mósè ò dá dúró. Wọ́n bá a gbé e ni.

Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹnì kan tàbí méjì tí ẹ fọkàn tán pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó tì yín. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. “Olúwa” nìkan ló kù, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi tì í. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọlé, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ tí mo fi di ti Màmá mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù 23, ó sì gbàdúrà. Èmi kàn ń ṣe àmín, títí ilẹ̀ fi mọ́.